Tàtàṣé Inú Yàrá Opó

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì 2025

Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Láwàl lánàá. Àwọn èèyàn ti lọ. Ó ku èmi àti Àǹtí Mùlíkátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ẹbí rán láti Ẹ̀pẹ́ wá ṣọ́ mi nínú yàrá àti pálọ̀ wa yìí ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Mi ò gbọdọ̀ jáde. Mi ò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà. Mi ò gbọdọ̀ lé tìróò. Mo gbà. Ọkọ mi ni Láwàl, màá ṣe opó rẹ̀ pé. Ohun tí mi ò gbà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí tàtàṣé.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Igi méjìlá ló wà lẹ́yìnkùlé, nínú rọ́bà pẹ́ǹtì, tó yẹ ká kó lọ sóko Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí Láwàl kú gan-an. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣa irú wọn. Lọ́dọọdún, igi tí èso rẹ̀ bá nípọn jù, tí òjò ò mú jẹrà, òun ni mo máa ń yọ hóró rẹ̀ pa mọ́. Èmi. Kì í ṣe Láwàl. Láwàl ń wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní Ẹ́sítéètì, òun ló ń gbé ata lọ fún àwọn oníkántíìnì ilé-iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Wọ́n wá sọ ọ́ di tàtàṣé Láwàl. Èmi náà dákẹ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Àǹtí ní opó kì í dáko. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ò sí lára ibi tí ẹsẹ̀ mi lè dé, kí n fi ata sílẹ̀ fún ewúrẹ́ àwọn ayálégbé. Mo ní kò burú. Bí opó ò bá lè lọ bá ata, ata á wá bá opó. Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹwàolúwa ní yàrá òdìkejì, ó bá mi gbé gbogbo rẹ̀ wọlé. Méjìlá. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Àǹtí jókòó sórí àga, ó ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.


Ọjọ́rú, 16 Júláì

Mo ti sọ Àǹtí lórúkọ. Sójà. Ó jí ṣáájú mi, ó yẹ aṣọ tí mo wọ̀ wò, ó ń béèrè ẹni tó pè mí. Ó ti ká díńgí kúrò lára ògiri, ó dojú ẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Opó kì í wo ojú ara rẹ̀, ó ní.


Ọjọ́ Àìkú, 20 Júláì

Oòrùn ò tó. Fèrèsé kan ṣoṣo ló kọjú sí ìlà-oòrùn, òjò ò sì jẹ́ kí oòrùn ọ̀hún ráyè. Àwọn igi ti ń ga gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀, ìdí wọn tín-ín-rín. Mò ń yí wọn ká — mẹ́fà síwájú láàárọ̀, mẹ́fà síwájú lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Mo lọ bá Sójà pé kó fún mi ní díńgí mi. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi wò. Mo ní, "Ojú mi kọ́ ni mo fẹ́ fi wò, Àǹtí. Oòrùn ni mo fẹ́ fi mú." Ó ní òun ò rí ìyẹn nínú ẹ̀sìn rí. Mo ní èmi náà ò rí ibi tí ẹ̀sìn ti kọ̀ ọ́. Ó bínú, ó pe Àáfà Saheed, àáfà wa. Àáfà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kó fún mi, kí n sáà dojú ẹ̀ kọ ata.

Díńgí ti wà lódìkejì fèrèsé báyìí, ìmọ́lẹ̀ ń ta sára àwọn tó wà lẹ́yìn. Sójà fi ìborùn bo ìdajì ẹ̀, lápá ibi tí mo máa ń jókòó. Mo fi sílẹ̀ fún un. Ogun tí mo fẹ́ jà kọ́ nìyẹn.


Jímọ̀, 25 Júláì

Òdòdó. Mẹ́ta. Funfun.


Ọjọ́ Ajé, 28 Júláì

Òdòdó mẹ́sàn-án nílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò sí ọ̀kan tó mú ọmọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún — torí òdòdó ata. Mi ò tíì sunkún Láwàl báyẹn. Òótọ́ ni, mo sì kọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà lóko, òdòdó ò já báyìí rí. Kí ló wà lóko tí kò sí nínú pálọ̀? Mo rò ó títí di àsìkò Àlàásàrì. Atẹ́gùn ni. Oyin ni. Kò sẹ́ni tó ń mi òdòdó. Lóko, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́, èmi ò tiẹ̀ kí i kú iṣẹ́ rí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Júláì

Ní kété tí oòrùn gba fèrèsé wọlé, mo bẹ̀rẹ̀. Mò ń fi ìka ta ẹ̀yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Lúbúlúbú díẹ̀ bọ́ sí mi léèékánná. Ẹnu mi ò sinmi: ẹ mú ọmọ o, ẹ má dójú tì mí. Mo bojú wẹ̀yìn, Sójà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ tó ń tẹ tẹlifóònù.


Ọjọ́bọ̀, 31 Júláì

Ajogún pè. Qamardeen ni, àbúrò Láwàl. Òun ló ti gba oko Ẹ̀pẹ́ báyìí, ilẹ̀ ẹbí wọn ni, mi ò lè jà á. Ó ní àwọn gbọ́ pé mò ń fọwọ́ ta òdòdó, pé mò ń ka nǹkan sí i. Ó fẹ́ mọ ẹni tí mò ń ṣe é fún. Mo ní oyin ni mò ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n lọ ìsinmi. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun ti rí ìgò hóró tí a fi sí ahéré oko. Òun ti gbin gbogbo ẹ̀. Irú ẹ̀gbọ́n òun ò ní parun, ó ní.

Irú ẹ̀gbọ́n ẹ. Ó dáa.


Ọjọ́ Àìkú, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mọ́kànlá ti mú ọmọ. Bí orí ìṣáná. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo tún kà wọ́n lẹ́yìn Ìṣáì.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Sójà ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀. Gbogbo hóró tí Qamardeen gbìn ti run. Ó bu ìgbẹ́ adìyẹ tútù lé e lórí, ó wá fi omi kún un bí ẹni gbin ìrẹsì. Kò sí ọ̀kan tó hù dé ewé mẹ́rin.

Ó túmọ̀ sí pé inú pálọ̀ yìí nìkan ló kù. Rọ́bà méjìlá. Bí mi ò bá rí èso kan tó pọ́n dáadáa kí n yọ hóró rẹ̀, ọdún mẹ́fà ti lọ nìyẹn, á dà bí ẹni pé mi ò gbé ilé ayé ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.


Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Fídáù ogójì ọjọ́. Mi ò lè kọ̀wé lónìí.


Jímọ̀, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ dé láàárọ̀ àná, bọ́ọ̀sì méjì. Àwọn ọkùnrin wà lábẹ́ kánópì níwájú ilé, àwọn obìnrin ń dáná lẹ́yìnkùlé, èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà. Wọ́n ti wọ́ àwọn rọ́bà mi jọ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, wọ́n ta aṣọ bò wọ́n kí àlejò lè rí ibi jókòó. Mo rò pé wọ́n ń dáàbò bò wọ́n ni.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi. Ìrẹsì àti ọbẹ̀. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ara ata kan nípọn lábẹ́ eyín mi, kò tíì pọ́n, ó ní adùn kan báyìí. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bí ọmọ mọ ohùn ẹkún ẹ̀. Mo dìde, àwọn ìyá ní níbo ni mò ń lọ. Mo ká aṣọ kúrò. Kò sí ọ̀kan lórí igi. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Tútù ni wọ́n já wọn, wọn ò tíì pọ́n, wọn ò tíì tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Hóró tútù kì í hù.

Sójà sáré wá. Omi ata ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ pupa. Ó ní, "Ata tó gbìn kẹ́yìn ni, ìyàwó. Kí ló tún yẹ ká fi ṣe sàárà rẹ̀ tó jù ú lọ?" Kò fi èrò ibi ṣe é. Èyí ló burú jù. Ó jókòó ti ìkòkò yẹn, ó sunkún àbúrò ẹ̀ sínú ọbẹ̀.

Mo pariwo. Opó, lọ́jọ́ ogójì. Mo ní, "Ata Láwàl kọ́ ni. Ata tèmi ni. Láwàl ò gbin ata kan rí láyé ẹ̀." Fèrèsé ṣí. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé abẹ́ kánópì.

Qamardeen wá sẹ́nu ọ̀nà. Kò gbóhùn sókè. Ó ní kí gbogbo èèyàn bá òun gbọ́ ohun tí mò ń sọ lórí òkú tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí opó mi bá pé, àwọn máa wá pín ogún ẹ̀gbọ́n òun bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Àwọn rọ́bà yẹn wà nínú ẹ̀. Àwọn máa kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Baseerah, ọmọ wa, pè láti yunifásítì ní Ìlọrin lálẹ́. Ẹnìkan ti sọ fún un. Ó ní Màámi, ẹ bẹ̀ wọ́n. Mi ò bẹ ẹnì kankan.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Sójà ò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. Ilé gbóná.


Ọjọ́ Ajé, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Lẹ́yìn Àsùbáà ó jókòó síwájú mi. Ó ní òun ò mọ̀ pé tútù kì í hù. Òun rò pé ata náà á tún so, bí ilá. "O ò sọ fún mi. Ogójì ọjọ́ tí a jọ wà níbí, o ò sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Mi ò sọ fún un lóòótọ́. Mo kà á sí ẹ̀ṣọ́, mi ò kà á sí èèyàn. Mo tọrọ àforíjì. Òun náà tọrọ. Mo wá ṣàlàyé: á tún so lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti òdòdó títí di pupa, àádọ́rin ọjọ́ ni. Ó na tẹ̀sùbáà ẹ̀ sílẹ̀, a jọ ń kà á. Bí òdòdó bá mú ọmọ kí oṣù yìí tó parí, pupa á bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí opó mi máa pé. Kò ní sí àyè ọjọ́ kan láti ṣòfò.

Ó ní, "Ó ṣeé ṣe." Bí ọ̀gágun.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òdòdó ti padà. Mi ò kà wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí.


Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mẹ́rìnlá mú ọmọ.

Sójà jókòó tì mí nígbà tí mò ń ta òdòdó. Ó ní òun náà ṣe opó, ní Ẹ̀pẹ́, òun ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Wọ́n ti fèrèsé òun pa. Wọ́n ní kí òun kọjú sí ògiri. Mo bi í pé kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́rin? Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó ń hù nínú yàrá tèmi ni èékánná mi."

Mo fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta òdòdó hàn án.


Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Sójà fún mi ní àgbo, ó fi omi tútù nù mí lójú, ó ń bú mi pé mi ò jẹun. Láàárọ̀ mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ní pálọ̀: ẹ má dójú tì wá o. Ó fi omi pa igi kan. Ó fẹ́ràn wọn jù, ó ń bu omi fún wọn ní gbogbo ìgbà tó bá kírun. Mi ò bá a wí. Igi mọ́kànlá kù.


Ọjọ́ Àìkú, 5 Òkìtóbà

Kòkòrò wẹ́wẹ́ lábẹ́ ewé. Omi ọṣẹ, àkísà. Àwa méjèèjì, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, láti àárọ̀ títí di Àílà. Sójà ń pa wọ́n pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ń dárúkọ wọn. Mo gbọ́ tó pe ọ̀kan ní Qamardeen. Mo díbọ́n pé mi ò gbọ́.


Jímọ̀, 17 Òkìtóbà

Mò ń bínú sí ẹ, Láwàl. Jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde níbi tí kò sẹ́ni tó máa ní opó kì í sọ ọ́.

Ọdún kẹta tí a bẹ̀rẹ̀. Ìyá oníkántíìnì kan bi ẹ́ níwájú mi pé ta ló gbin irú ata yìí. O ní, "Èmi ni." O rẹ́rìn-ín, o wò mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé o ní ọjà ni, Hàbí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni wọ́n máa ń gbà gbọ́, ṣebí inú ilé kan náà ni owó ń wọ̀. Mo gbà fún ẹ. Mo fẹ́ràn bí ata mi ṣe ń dùn lẹ́nu ẹ. Wò ó báyìí. O gbé orúkọ lọ sí sàréè, o fi èmi sílẹ̀ kí n máa bá àbúrò ẹ jà á gbà.

Bí o bá wọlé báyìí, màá gbá ẹ létí, màá tún dì mọ́ ẹ. Mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe.


Ọjọ́bọ̀, 30 Òkìtóbà

Ọ̀kan ti ń pọ́n. Pupa kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sójà pariwo, ó tún fọwọ́ bo ẹnu.


Jímọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Mẹ́fà ti pọ́n kanlẹ̀. Àwọn yòókù ń bọ̀.

Ajogún pè, Sójà ló gbé e. Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀, pẹ̀lú Àáfà àti àwọn àgbà méjì. Ó ti ṣètò ọkọ̀ tó máa kó rọ́bà. Ó ní àwọn oníkántíìnì ti ń dúró de òun. Sójà ní, "Mo ti gbọ́." Ìyẹn nìkan.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Nòfẹ́ńbà

Sójà ní ká já wọn lálẹ́ yìí. Ká yọ hóró, òun á dì í sínú gèlè òun, Qamardeen ò jẹ́ tú gèlè ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ká fi ewé lásán sílẹ̀ fún un.

Ọkàn mi fẹ́ ẹ. Mo kọ̀. Mo ní, "Àǹtí, mi ò lè jí nǹkan ara mi." Bí mo bá fi í pamọ́, mo ti gbà nìyẹn pé tiwọn ni. Kí wọ́n wá bá a lórí igi. Pupa.

Ó wò mí títí. Ó ní agídí mi pọ̀ ju ti Láwàl lọ. Kò tíì fi mí wé àbúrò ẹ̀ rí.


Ọjọ́rú, 12 Nòfẹ́ńbà

Opó mi pé lónìí.

Sójà ló bu omi ìwẹ̀ fún mi. Ó fún mi ní díńgí, láìbò. Mo ti rù. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá. Àáfà Saheed, àwọn àgbà méjì, Qamardeen. Wọ́n jókòó sáàárín ata, torí kò sí ibòmíràn. Àáfà ṣàdúrà, wọ́n mú bébà jáde, wọ́n ń kọ ohun tí Láwàl fi sílẹ̀. Ọ̀kadà. Fíríìjì. Aṣọ. Tẹlifísọ̀n. Mi ò jiyàn kankan. Qamardeen wá nawọ́ sí rọ́bà: "Àti irúgbìn."

Mo ní kì í ṣe ti Láwàl. Qamardeen ní kí n má dá àwọn lágara, pé tàtàṣé Láwàl ni gbogbo Ìkòròdú ń pè é, láti Ẹ́sítéètì títí dé Ẹ̀pẹ́. Òótọ́ ló sọ. Àáfà ní orúkọ nìkan ò sọ èèyàn di olóhun. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n béèrè bóyá mo ní ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí wo? Èmi àti Láwàl la máa ń wà lóko. Òun nìkan ló mọ̀, òun ló sì parọ́. Èmi ni mo bá a rẹ́rìn-ín sí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti pàdánù.

Sójà dìde. Kò jókòó sórí àga láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ṣọ́ ọ. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́." Ó ní ojú òun ni òdòdó ṣe já, ojú òun ni mo ṣe fi ìka ta á títí ó fi mú ọmọ. Ó ní ẹni tí kò bá mọ irú ata yẹn bí ọmọ inú ẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ ikú nínú pálọ̀. Ó wá yíjú sí Qamardeen. "Ìyá kan náà ló bí wa. Ìwọ náà mọ̀. Láwàl ò mọ tàtàṣé yàtọ̀ sí ṣọ̀ǹbọ̀ títí ó fi kú."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Qamardeen ní Àǹtí, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà ní ìpín nínú ogún yìí. Sójà ní òun rántí. "Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ti àbúrò mi, mi ò ní fi ìpín mi sílẹ̀. Kì í ṣe tiẹ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí." 

Àáfà wo Qamardeen pé ṣé ó ní èsì. Ó mi orí. Àáfà fa ìlà pa irúgbìn rẹ́ nínú bébà. Ìlà kan péré. Mo gbọ́ ìró bíírò.

Àwọn àgbà jáde. Qamardeen dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́. Ó ní kò burú, kí n má dé ilẹ̀ àwọn mọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní mo gbọ́. Ilẹ̀ wà ní Ijede, ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ó ṣì dúró. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n fún òun ní hóró díẹ̀, bí ogún péré, nítorí àwọn tó ti fọkàn sí i. Mo ní màá fún un. Kó sáà kọ́kọ́ sọ irú ata ta ló ń tọrọ.

Ó wo ilẹ̀. Ó wo Sójà. Ó wọ bàtà, ó lọ.

Sójà ní mo ti le jù. Mo ní bóyá. Mo já èyí tó pọ́n jù, mo là á sí méjì lójú ẹ̀, mo yọ hóró ìdajì fún un sínú áńkáṣífù. Ó ní níbo lòun fẹ́ gbìn ín, yàrá kan lòun ń gbé ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní yàrá tó.

Mo wá gbé rọ́bà àkọ́kọ́, mo sì jáde. Oòrùn bọ́ sí mi lójú, mo fẹ́ ṣubú. Mo gbé e síwájú ilé, létí títì, mo padà wọlé lọ gbé èkejì. Ìyá oníkántíìnì kan ń kọjá lọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ Láwàl. Ó dúró. Ó kí mi kú àṣẹ̀hìndè, ó bojú wo ata, ojú ẹ̀ tàn. Ó ní há, ṣé tàtàṣé Láwàl nìyí?

Mo gbé rọ́bà ọwọ́ mi kalẹ̀.

Mo ní rárá o. Tèmi ni.